Ojú ìwé tuntun kì í tètè wọ Google: kí ló ń dá a dúró?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ní sáìtì kan tí mò ń kọ àlàyé lítíréṣọ̀ àti gírámà Yorùbá sí fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC àti JAMB. WordPress ni mo fi ṣe é. Ojú ìwé àkọ́kọ́ wà lórí Google. Tí èèyàn bá tẹ orúkọ sáìtì náà gan-an, á rí i. Ṣùgbọ́n àwọn àlàyé tí mo kọ sínú rẹ̀, ọ̀kan kì í jáde. Àràárọ̀ ni mò ń lọ tẹ Request Indexing, bọ́tìnnì tá a fi ń ní kí Google wá wo ojú ìwé, nínú Search Console, irinṣẹ́ tí Google ṣe fún àwọn tó ní sáìtì. Ó ti sú mi. Ẹnì kan lórí WhatsApp ní kí n sanwó, òun á ti gbogbo rẹ̀ wọlé láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹlòmíì ní Google ò ka Yorùbá sí, kí n yáa máa kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni kí n ṣe tí ojú ìwé tuntun á fi máa tètè wọlé?

* * *

Àbúrò, kọ́kọ́ fi bọ́tìnnì yẹn sílẹ̀ ná. Google fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ pé títẹ̀ ẹ́ léraléra fún àdírẹ́ẹ̀sì kan náà kò ní kó yá ju ká tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ó tún kọ ọ́ pé ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ lójúmọ́ náà ní òdiwọ̀n. Tí o bá ti lò ó tán sórí ojú ìwé àná, kí lo fẹ́ fi ṣe ti òní?

Má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni o. Mú àdírẹ́ẹ̀sì ojú ìwé kan péré, lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí tó wà lókè Search Console, kí o wá ka ohun tó bá kọ sí ẹ. Tó bá kọ "URL is unknown to Google", kò gbọ́ nípa ojú ìwé náà rí. Tó bá kọ "Discovered – currently not indexed", ó ti gbọ́ pé ó wà, kò tíì yà á wò. Tó bá kọ "Crawled – currently not indexed", ó ti dé ibẹ̀, ó ti kà á, ó sì fi í sílẹ̀ lọ.

Méjì tó gbẹ̀yìn yẹn jọra lójú, wọn kì í ṣe àìsàn kan náà rárá. Ìdí tí àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í tán nìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ Discovered á ní "mo ṣe báyìí, ó wọlé", ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ Crawled á ṣe ohun kan náà, kò ní rí nǹkan kan, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní onírọ́.

Fi èsì tìrẹ síbí ká wò ó. Fi àdírẹ́ẹ̀sì sáìtì náà sí i.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ látàárọ̀. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin kan náà lẹ ń sọ lásọtúnsọ.

Sitemap lẹ kọ́kọ́ sọ, ìyẹn fáìlì tó to àdírẹ́ẹ̀sì gbogbo ojú ìwé sáìtì jọ. Ó dáa kó wà, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2005 ni Google gbé e jáde. Nígbà tó fi di 2006, Yahoo àti Microsoft ti gbà láti máa lo irú kan náà. Fáìlì kan ṣoṣo lè gba àdírẹ́ẹ̀sì 50,000, nítorí náà kò sí ẹni tó yẹ kó máa gé tirẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú wa. Láti WordPress 5.5, ní 2020, WordPress ti ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ kọ wp-sitemap.xml sẹ́yìn orúkọ sáìtì yín, ẹ ó rí i. Ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú Search Console, ó tán. Ẹni tó ń pa á rẹ́ tó tún ń fi í ránṣẹ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, làálàá lásán ló ń ṣe. Priority àti changefreq inú rẹ̀ (bí ojú ìwé ṣe ṣe pàtàkì tó, àti bó ṣe ń yí padà léraléra tó) tí ẹnì kan fi odindi ojú ìwé ṣàlàyé lókè yẹn, Google kì í wò wọ́n. Ohun tó ń wò ni lastmod, ìyẹn ọjọ́ tẹ́ ẹ tún ojú ìwé náà ṣe gbẹ̀yìn, tó bá ti rí i pé òótọ́ lẹ máa ń kọ síbẹ̀. Plugin, ìyẹn àfikún tẹ́ ẹ fi sínú WordPress, tó ń yí ọjọ́ gbogbo ojú ìwé sí òní lójoojúmọ́, ṣe ló ń sọ yín di onírọ́ lójú rẹ̀.

Ìkejì, "ẹ máa ping Google", ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ máa ránṣẹ́ sí i pé sitemap yín ti yí padà. Ìyẹn ti kú. Bing, ẹ̀rọ ìwákiri Microsoft, pa tirẹ̀ tì ní 2022. Google kéde ní oṣù kẹfà 2023 pé òun á pa á tì, kí ọdún náà sì tó parí ó ti dákẹ́. Plugin tó bá ṣì ń kọ "pinged successfully" sí yín lójú, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ níbi tó ń pè sí.

Ìkẹta, kí ẹ pín in sórí Facebook àti WhatsApp. Ẹ pín in, torí pé èèyàn ló wà níbẹ̀, èèyàn lẹ sì ń kọ̀wé fún. Àmọ́ Googlebot, ìyẹn ẹ̀rọ tí Google ń rán kiri láti ka ojú ìwé, kì í wọ inú ẹgbẹ́ WhatsApp, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀nà tó máa gbà wọ ẹgbẹ́ Facebook tí wọ́n tì. Ẹni tó ní "mo pín in lálẹ́, ó wọlé láàárọ̀", kí ló mú un dá a lójú pé kò bá wọlé láàárọ̀ ọ̀hún tí kò bá pín in?

Ìkẹrin ni línkì rírà. Ó lòdì sí òfin Google, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbaná jẹ lórí Indexing API, ọ̀nà tí kóòdù fi ń ránṣẹ́ tààrà sí Google pé ojú ìwé tuntun dé, nítorí pé mi ò dárúkọ rẹ̀, ẹ má bínú. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ ní ó ń ṣiṣẹ́ fún yín, mi ò jiyàn. Èmi náà ti rí ojú ìwé tó gba ibẹ̀ wọlé kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí Google kọ nípa rẹ̀. Ojú ìwé ìkéde iṣẹ́ àti ti fídíò tó ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí rẹ̀ ò sì ṣòro: ìkéde iṣẹ́ lè ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́túnla, fídíò ìdíje bọ́ọ̀lù á parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Àlàyé ewì alohùn lè dúró dè é. Igba àdírẹ́ẹ̀sì lójúmọ́ ni wọ́n ń fún èèyàn láti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ibì kankan tí wọ́n ti ṣèlérí pé ohun tó bá gba ibẹ̀ wọlé á dúró. Èyí tí mo rí pẹ̀lú ojú mi, àwọn ojú ìwé tí kò ní láárí gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì rọra jáde nígbà tó yá. Ẹni tó ni wọ́n ti ń dáwọ̀ọ́ ìdùnnú kiri, kò tún padà lọ wò ó.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni orí WhatsApp náà bọ́ síbí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta iṣẹ́ yìí, Indexing API ni wọ́n ń lò, kò sì ní ṣiṣẹ́ àfi tí o bá fi ímeèlì kan tí wọ́n máa fún ẹ kún àwọn Owner nínú Search Console rẹ. Ẹ ronú sí ìyẹn o. Ẹni tó jẹ́ Owner lè ní kí Google yọ ojú ìwé yín kúrò nínú àbájáde rẹ̀. Ó lè rí gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń tẹ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tẹ́ ò mọ ojúlé rẹ̀, tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó fún, lẹ tún fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, ẹ wọ Settings nínú Search Console, ẹ tẹ Users and permissions, kẹ́ ẹ yọ ọ́ lónìí.

* * *

Àbúrò ti fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ Discovered, díẹ̀ jẹ́ Crawled. Ká mú Discovered ná.

Mo ṣí sáìtì náà lórí kọ̀ǹpútà, mo sì tún ṣí i lórí fóònù. Lórí kọ̀ǹpútà, àkọlé àwọn àlàyé tuntun tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó rí rẹ́múrẹ́mú. Lórí fóònù, kò sí wọn mọ́. Àwòrán ńlá kan ni, orúkọ sáìtì, ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀, lẹ́yìn náà bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n kọ "Wo àwọn àlàyé" sí. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ni àwọn àkọlé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ jáde. Mo wo kóòdù rẹ̀: kí n tó tẹ bọ́tìnnì yẹn, àdírẹ́ẹ̀sì àlàyé kankan ò sí níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Láti oṣù keje 2024, fóònù ni Googlebot fi ń wo gbogbo sáìtì. Ohun tó bá hàn lórí kọ̀ǹpútà nìkan, ẹ kà á sí ohun tí kò sí. Googlebot kì í sì í tẹ bọ́tìnnì. Ó lè ṣí ojú ìwé tó ní JavaScript dáadáa, ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ kò ní ìka tó máa fi tẹ nǹkan. Línkì gidi, èyí tó ní href tó sì gbé àdírẹ́ẹ̀sì dání, ló ń tẹ̀ lé. Nítorí náà inú sitemap nìkan ni Google ti gbọ́ orúkọ àwọn àlàyé rẹ. Ìwọ fúnra rẹ tó ni sáìtì, o ò fi ọ̀nà kan ṣoṣo hàn án láti ojú ìwé tó ń yà wò jù lọ. Kí ló fẹ́ fi mọ̀ pé wọ́n ṣe pàtàkì?

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ tèmi rèé. Màá to àkọlé àwọn àlàyé tuntun sójú ìwé àkọ́kọ́ pẹ̀lú línkì lásán, láìsí bọ́tìnnì. Màá ṣí ojú ìwé kan fún ewì, ọ̀kan fún eré oníṣe, ọ̀kan fún ìtàn àròsọ, ọ̀kan fún gírámà, kí gbogbo àlàyé tó jẹ mọ́ ìkọ̀ọ̀kan sì ní línkì níbẹ̀. Nínú àlàyé fúnra rẹ̀, níbi tí o bá ti dárúkọ àfiwé tààrà, fi línkì sí ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa àfiwé tààrà. Má kọ "tẹ ibí". Ọ̀rọ̀ tó sọ ohun tó wà lọ́hùn-ún ni kí o fi ṣe línkì. Nígbàkigbà tí o bá gbé àlàyé tuntun jáde, padà sínú méjì mẹ́ta nínú àwọn ti àtijọ́ tó ti wọlé, kí o fi línkì rẹ̀ síbẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ ìdajì wákàtí yẹn ju oṣù kan Request Indexing lọ.

Obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, irú ìṣòro yìí ló ní. Aṣọ tuntun á dé, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á gbé e sórí sáìtì, Google ò ní wá títí aṣọ á fi tà tán. Gbogbo ọjà ló wà lẹ́yìn àpótí ìwákiri inú sáìtì. Oníbàárà ní láti tẹ "ampe" tàbí "eléko" kó tó rí nǹkan. Googlebot kì í tẹ ọ̀rọ̀ sínú àpótí. A fi ìlà kan sójú ìwé àkọ́kọ́ fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, línkì lásán, ìyẹn nìkan ni a ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Ẹnì kan ti fẹ́ kọ "crawl budget" sísàlẹ̀ yìí, ìyẹn òdiwọ̀n ojú ìwé tí Googlebot máa yà wò lórí sáìtì kan, mo mọ̀. Google sọ irú ẹni tí ìyẹn kàn: sáìtì tó ní ojú ìwé mílíọ̀nù kan sókè, tàbí èyí tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sókè tí nǹkan inú rẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́. Wọ́n tún dárúkọ sáìtì tí púpọ̀ nínú ojú ìwé rẹ̀ jẹ́ Discovered, àmọ́ ní ti àbúrò, a ti rí ohun tó fà á: línkì ni. Tí sáfà yín, kọ̀ǹpútà tí sáìtì yín wà lórí rẹ̀, bá ń falẹ̀, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Googlebot máa ń dín ẹsẹ̀ kù níbi tó bá ti rí i pé ọ̀nà ò já geere, tàbí tí 500 àti 503, àmì pé nǹkan ń ṣe sáfà, bá ń yọ sí i léraléra.

* * *

Wàyí o, ẹni tó ní Google ò ka Yorùbá sí.

BBC News Yorùbá ti wà lórí ayélujára láti 2018, ìròyìn wọn ń jáde lórí Google lójoojúmọ́. Yorùbá ti wà nínú Google Translate láti 2013. Èdè kọ́ ló ń dá ojú ìwé dúró. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn lé yín kúrò nídìí èdè yín.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa tó ń kọ Yorùbá máa ń bá pàdé tí àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kì í rí. Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì ojú ìwé yín dáadáa. Níbi tí ṣ yẹ kó wà, %E1%B9%A3 ló máa wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá dà á kọ síbòmíràn. Google mọ̀ ọ́n kà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ṣ kan náà. Kíbọọ̀dù kan á kọ ọ́ ní odindi, ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Òmíràn á kọ s lásán, á wá fi àmì abẹ́ rẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ìyẹn á di s%CC%A3. Lójú yín, "àṣà" àti "àṣà" ni. Lójú sáfà, àdírẹ́ẹ̀sì méjì ni. Ẹ fi fóònù gbé ojú ìwé jáde, ẹ wá fi kọ̀ǹpútà tẹ línkì rẹ̀ sínú àlàyé mìíràn, ọ̀kan á ṣí, èkejì lè fún yín ní 404, ìyẹn pé kò sí ojú ìwé níbẹ̀. Ti ẹ́ àti ọ́ tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ ló wà lára wọn, kò sì sí ẹyọ lẹ́tà kan tó gbé méjèèjì pọ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà.

Mo rí i lórí sáìtì àbúrò. Línkì méjì lórí ojú ìwé àṣà ìgbéyàwó kò ṣí, bẹ́ẹ̀ lójú lásán kò sí àṣìṣe kankan lára wọn. Ó ti ń ránṣẹ́ sí Googlebot pé kó wá síbi tí kò sí ilé.

Ohun tí mò ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n fi lẹ́tà lásán kọ àdírẹ́ẹ̀sì. Kí ó jẹ́ asa-igbeyawo. Àkọlé àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kí ẹ fi àmì sí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Èyí tó bá ti wọlé tẹ́lẹ̀, ẹ má yí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ padà láìṣe pé ẹ fi 301, àṣẹ pé ojú ìwé ti kó lọ pátápátá, darí ti àtijọ́ sí tuntun.

* * *

Ó ti di ìjà! Bàbá tó kọ ọ́ pé "ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ láti pa àmì ohùn tì", ẹ jọ̀ọ́ sà, mo dọ̀bálẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì ni mo sọ, mi ò sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé. Kò sí olùkọ́ tó máa gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ nítorí àdírẹ́ẹ̀sì sáìtì.

Ẹni tó dá sí i lẹ́yìn bàbá ló sọ ohun tó yẹ ká jọ yẹ̀ wò: àwọn ọmọ kì í fi àmì tẹ ìbéèrè wọn lórí fóònù, "oriki ati ewi" ni wọ́n ń tẹ̀, ṣé kí òun ṣe ojú ìwé méjì, ọ̀kan pẹ̀lú àmì, ọ̀kan láìsí àmì? Rárá o. Google á kà á sí ojú ìwé kan náà tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, á mú ọ̀kan, á ju èkejì nù. Èyí tí kò ní àmì ló sì lè mú! Àkọlé tó lámì, àdírẹ́ẹ̀sì tí kò lámì, ojú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ ti ní méjèèjì níbẹ̀.

* * *

Ẹni tó ní òun ò tilẹ̀ rí ojú ìwé àkọ́kọ́ tòun pàápàá lórí Google, tìrẹ yàtọ̀ sí ti àbúrò, jẹ́ kí n yára dá ẹ lóhùn.

Nínú WordPress, wọ Settings, wọ Reading. Àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ "Discourage search engines from indexing this site" sí. Ẹni tó kọ́ sáìtì máa ń fàlà síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, á gbowó rẹ̀, á gbàgbé. Yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ṣí kóòdù ojú ìwé náà, kí o wá "noindex" nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún Google pé kó má gbé ojú ìwé náà jáde. Má ṣe fi robots.txt, fáìlì tó ń sọ ibi tí Googlebot kò gbọdọ̀ dé, ti ojú ìwé kan kí o tún máa retí pé Google á ka noindex tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí o kò jẹ́ kó wọlé, báwo ló ṣe fẹ́ ka ohun tí o lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá? Noindex tí o kọ sínú robots.txt gan-an, Google ti dẹ́kun àtimáa tẹ̀ lé e láti oṣù kẹsàn-án 2019.

Tó bá ṣì kọ̀, tẹ Test live URL nínú Search Console. Sáìtì ilé ìwé kan wà tí gbogbo wa ń ṣí n'Ìbàdàn láìsí wàhálà. Test live URL ní 403 lòun rí, ìyẹn pé wọn ò gba òun láàyè láti wọlé. Àṣé ilé-iṣẹ́ tí sáìtì wọn wà lórí sáfà rẹ̀ ti dí gbogbo ẹni tí kò bá ti Nàìjíríà wá lọ́nà, wọ́n ní nítorí àwọn gbájúẹ̀ orí ayélujára ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Googlebot ti ń wá jù lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ ní kó padà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nílé, torí pé fún àwọn ará ilé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

* * *

Ó ku àwọn tí èsì wọn jẹ́ Crawled. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni, torí kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ.

Google ti ka ojú ìwé rẹ. Kò sọnù. Línkì, sitemap, API, kò sí èyí tó kàn án mọ́. Ó kàn wò ó pé kò sí ohun tí òun fẹ́ fi í ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ ni. Kò sì sí sáìtì tó ní ojú ìwé púpọ̀ tí gbogbo rẹ̀ ń wọlé tán. Ẹ fi ọkàn yín balẹ̀ sórí ìyẹn.

Mo ka àwọn ti àbúrò tó bọ́ sínú ẹgbẹ́ yìí. Ojú ìwé kan: "Kí ni ìró kọ́ńsónáǹtì?" Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ìlà méjì. Òmíràn: "Kí ni ìró fáwẹ̀lì?" Ìlà méjì. Òmíràn: "Kí ni fáwẹ̀lì aránmúpè?" Ìlà kan ààbọ̀. Àwọn ìtumọ̀ yẹn wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ tí gbogbo ilé ìwé ń lò, ó sì wà lórí sáìtì míì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Dà wọ́n pọ̀. Ojú ìwé kan fún ìró èdè Yorùbá, kí fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì wà níbẹ̀ tòun ti àpẹẹrẹ. Fi irú ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè sí i, kí o sì fi hàn ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣì í. Ìwọ olùkọ́ lo mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣì í. Ohun tí kò sí lórí sáìtì ẹlòmíràn nìyẹn. Àlàyé rẹ lórí oríkì orílẹ̀, tí o ti tú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan palẹ̀, ìyẹn ti wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì í. Ṣé o rí i?

Ẹni tó ń fi ìròyìn ṣe iṣẹ́ níbí ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé tòun ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan láìka bó ṣe kúrú sí. Mo gbà. Sáìtì rẹ ti pẹ́, àràárọ̀ lo ń gbé nǹkan jáde, àwọn èèyàn sì ń wá ohun tí o ń kọ. Bí ìyá alájàpá ni Google rí: ìsọ̀ tó bá ti máa ń bá ọjà tuntun ló ń kọ́kọ́ yà. Sáìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó gbé ogún àlàyé jáde lọ́jọ́ kan tó wá dákẹ́ fún oṣù méjì, kí ló fẹ́ wá ṣe níbẹ̀ lójoojúmọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí sáìtì ìròyìn kì í ṣe ìlànà fún ẹni tó ń kọ àlàyé ẹ̀kọ́. Ẹ má fi í dẹ́rù bà wọ́n.

* * *

Àbúrò kọ̀wé padà pé òun ti yọ bọ́tìnnì yẹn, pé àwọn kan ti kúrò ní Discovered, díẹ̀ ti wọlé, díẹ̀ sì ti di Crawled. Ó ní ṣé àwọn tó di Crawled yẹn kò burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Kò burú jù. Ọ̀nà ti là, ó ku ohun tó wà nínú wọn. Tún wọn kọ bí mo ṣe wí, ìgbà yẹn ni kí o wá tẹ Request Indexing lórí wọn, lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí bọ́tìnnì náà wà fún nìyẹn: ojú ìwé tí nǹkan ti yí padà nínú rẹ̀. Má sì máa fi "site:" iwájú orúkọ sáìtì rẹ ka iye tó wọlé, iye tó máa ń gbé wá kò ṣe é gbára lé. Ìròyìn Pages nínú Search Console ni kí o máa wò, òun náà a sì máa pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè rẹ kejì, bóyá kí o lo IndexNow, ọ̀nà tí sáìtì fi ń kéde ojú ìwé tuntun fún àwọn ẹ̀rọ ìwákiri: bẹ́ẹ̀ ni, lò ó. Bing àti Yandex ti Rọ́ṣíà ló gbé e jáde ní 2021, Naver ti Kòríà àti Seznam ti Czech ti wọ inú rẹ̀. Bí o bá ti gbé ojú ìwé jáde, sáìtì rẹ á ránṣẹ́ sí wọn lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan tuntun ti dé. Google ní òun á dán an wò nígbà yẹn, àmọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, nítorí náà kò ní ṣe nǹkan kan fún ẹ níbẹ̀. Ti Bing rọrùn: ṣí Bing Webmaster Tools, yan Import from Google Search Console, á kó sáìtì rẹ àti sitemap rẹ wọlé láìjẹ́ pé o tún fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, plugin IndexNow tí Microsoft ṣe fún WordPress wà lọ́fẹ̀ẹ́. Fi sí i kí o tó gbé àlàyé ìró èdè tuntun yẹn jáde.